Wọ́n ní kí n san owó fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó àgbẹ̀: ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìsarà Tó Padà Sílé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọdún 9 ni mo fi wakọ̀ ní Ìkòròdú kí n tó kó ẹrù mi padà sílé. Bàbá mi ti dolóògbé. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ wà lójú ọ̀nà Òde Rẹ́mọ, ó tó éékà 4. Gbágùúdá ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ nígbà ayé wọn, odò kékeré kan sì gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rò ó pé bóyá kí n gbẹ́ pọ́ńdù ẹja síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá wa ní gáréèjì, ó múra, ó gbé fáìlì dání. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ti gbé ẹ̀yáwó àgbẹ̀ jáde, mílíọ̀nù 2 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sí èlé, kò sí oníduùró. Owó fọ́ọ̀mù jẹ́ ₦15,000, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sì tì í. Ó ti kọ orúkọ bí èèyàn 20 sílẹ̀ kó tó kàn mí. Owó náà wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ní NIN, mo ní BVN, n kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan.

Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, ọ̀nà wo lèèyàn ń gbà dé ìdí ìrànwọ́ ìjọba gan-an? Ẹ má bínú pé ó gùn.

Ìyá Alágàárì Òde Rẹ́mọ

Má san kọ́bọ̀!

Àwa obìnrin 17 la sanwó irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí. Wọ́n tò wá síwájú ibi tí a ti ń yan gàárì, wọ́n ní kí a nawọ́ sókè, kí a rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn nìkan ló jáde nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lórí fóònù ọmọ ẹnì kan la ti rí i, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a ti gba ìrànwọ́ tán. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù nínú fọ́tò ọ̀hún.

Ọmọ mi, gbọ́. Owó tí kò ní èlé, tí kò ní oníduùró, tí ẹni tó gbé e wá sì ń fi ọjọ́ Ẹtì lé ọ léré, ṣé ìwọ fúnra rẹ máa yá èèyàn lówó bẹ́ẹ̀? Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ wà lẹ́nu ọ̀nà yín ní Ìsarà níbẹ̀, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn débẹ̀. Béèrè àwọn tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọkùnrin náà. Bí o bá ti fún un ní nọ́ńbà BVN rẹ, tí ó wá ní kí o ka nọ́ńbà kan tó wọlé sórí fóònù rẹ fún òun, má kà á fún un láéláé.

Àgbà Òṣìṣẹ́ Ọ̀gbìn (mo ti fẹ̀yìn tì)

Káàbọ̀ sílé, ọmọ mi. Ọdún 32 ni mo fi gun alùpùpù láti abúlé dé abúlé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí, tí mo ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ láàárín igi gbágùúdá. Ohun tí mo bá bọ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, fara balẹ̀ kà á.

Ètò ìjọba kì í pẹ́ láyé. Láti nǹkan bí ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti ń dá ìbùdó àgbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wo àwòkọ́ṣe àwọn ará Ísírẹ́lì. Ti Ìkẹ́nnẹ́ wà níbẹ̀, ti Àgọ́-Ìwòyè wà níbẹ̀. Lọ́dún 1976, Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dé, kódà àwọn olówó Èkó gbin àgbàdo sí iwájú ilé. Shagari wọlé, ó di Green Revolution lọ́dún 1980. Babangida tún mú DFRRI, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti ọ̀nà ìgbèríko, wá lọ́dún 1986. Fadama, ti àwọn tó ń dáko ní ilẹ̀ àbàtà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993 pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé. Lọ́dún 2012, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀ pé kó wá gba àpò ajílẹ̀ 2 ní ìdajì owó. Ẹni tí kò ní fóònù kò lórúkọ. Lọ́dún 2015 ni ti Báńkì Àpapọ̀ (CBN), ẹ̀yáwó àgbẹ̀ tí wọ́n pè ní Anchor Borrowers, tí Buhari lọ ṣí ní Kebbi. Pátákó kan wà tí àwa fúnra wa kùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, orúkọ ètò nìkan la ń yí padà. Àwọn ewúrẹ́ ló gbádùn òjìji pátákó yẹn jù.

Èyí ni mo fi ń sọ fún ọ pé kí o má sáré tọ orúkọ ètò. Ìgbà tí orúkọ náà bá fi máa dé etí rẹ ní gáréèjì, àwọn tó máa jẹ ẹ́ ti wà lórí ìlà. Kí ni wọ́n fi wà lórí ìlà? Ìwé ni. Ètò yòówù kó dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá láti òkè: ẹgbẹ́ mélòó ló wà ní agbègbè yín? Ta ni alága? Ọdún wo ni wọ́n forúkọ sílẹ̀? Ṣé wọ́n ní àkáǹtì ní báńkì? Ṣé ẹnikẹ́ni ti yẹ ìwé owó wọn wò? A ó sì máa wá ẹgbẹ́ tó pé kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú ewé. Ẹgbẹ́ méjì, mẹ́ta tó bá pé, àwọn náà ló máa gba ti òní, àwọn náà ló máa gba ti ọ̀la. Àwọn èèyàn á wá máa sọ pé ojúsàájú ni. Ojúsàájú wà o, n kò ní purọ́ fún ọ. Àmọ́ mo ti rí ọ̀pọ̀ ìgbà tó jẹ́ pé ìwé nìkan ló ya ẹni tó gbà sọ́tọ̀ lára ẹni tí kò gbà.

Nítorí náà, wá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan wọ̀. Ẹ lè dá tuntun sílẹ̀ bí ẹ bá pé 10, kí ẹ kọ òfin ẹgbẹ́, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bíi tìrẹ. Ọmọ jòjòló ni ẹgbẹ́ tuntun, báńkì kì í yá ọmọ jòjòló lówó.

Ní ti ọkùnrin onífáìlì yẹn: bó bá ní Báńkì Àpapọ̀ ló rán òun, ní ìparí ọdún 2023 ni báńkì ọ̀hún ti sọ pé òun ń fà sẹ́yìn nínú irú yíyá-ni-lówó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é, èlé wà lórí rẹ̀: ìdá 9 nínú 100, kí wọ́n tó dín in sí 5 lọ́dún 2020 nígbà Kòrónà. Owó gan-an kọ́ ni wọ́n ń kó fún àgbẹ̀ jù. Irúgbìn, ajílẹ̀, oògùn koríko ni, wọ́n sì lè fi irè oko san án padà. Ẹni tó bá ní mílíọ̀nù 2 tútù wà nílẹ̀ láìsí èlé, béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́ja Eriwe

Bàbá ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ti ẹja, torí mo rí i pé odò yẹn ti ń wọ̀ ọ́ lójú.

Àbúrò mi, Eriwe ni mo wà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire, ló ṣíwájú àwọn ọmọ ìlú tó gbé ètò tó bí abúlé ẹlẹ́ja yìí kalẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n pín àwọn èèyàn sí láti ìpìlẹ̀. Ohun tó mú kó dúró nìyẹn lójú tèmi: bí o bá fẹ́ ra oúnjẹ ẹja, o kì í dá rà á, bí o bá fẹ́ tajà, ẹgbẹ́ á ti mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tìrẹ ló kàn, àwọn oníbàárà kò ní fi ọ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹja àrọ̀ máa ń tó tà láàárín oṣù 5 sí 6 bí ó bá jẹun dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni jíjẹ yẹn. Nínú ₦100 tí mo bá ná, bí ₦70 ń lọ sórí oúnjẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí iye náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo rà á lówùúrọ̀ ní iye kan, nígbà tí mo padà lọ́jọ́ kẹta wọ́n ti yí i padà. Odidi pọ́ńdù 2 ni mo jẹ́ kó gbẹ. Àwọn kan ń lọ àgbàdo, wọ́n ń po ẹ̀pà kúlíkúlí mọ́ ọn, wọ́n ń ṣe é fúnra wọn. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í léfòó bíi ti olówó iyebíye, o gbọ́dọ̀ mọ bí o ṣe ń fún wọn jẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á rì sísàlẹ̀, omi á sì bà jẹ́.

Kókó tí mo fẹ́ kí o mú: má fi ẹ̀yáwó gbẹ́ pọ́ńdù. Gbígbẹ́ ń jẹ owó kí ẹja kan ṣoṣo tó wọnú rẹ̀, ọjọ́ àtisan á sì dé kí o tó mọ bí omi rẹ ṣe ń hùwà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ńdù tapólì, kó ọmọ ẹja 300 sí i, fi owó ara rẹ kọ́ ọ. Nígbà tí o bá ti tà lẹ́ẹ̀mejì ni kí o tó lọ yáwó oúnjẹ.

Odò ìsàlẹ̀ yẹn ńkọ́? Ibo ló ń dé ní oṣù kẹsàn-án? Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ lọ bi àwọn àgbà. Ẹnìkan tí mo mọ̀ gbẹ́ tirẹ̀ sétí odò, omi kún lóru, gbogbo ẹja lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ọmọ abúlé ìsàlẹ̀ fi jẹ ẹja àrọ̀ ọ̀fẹ́. Wọ́n tún wá kí i, wọ́n ní ẹ kú àdánù.

Fàájì Ni Tèmi

Ẹ̀yin wọ̀nyí ń dààmú ara yín. Owó ìjọba ni, ẹ gbà á, ẹ jẹ ẹ́! Iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ní a kì í ṣe é láàágùn, owó rẹ̀ la wá fẹ́ máa làágùn san? Lọ́dún 2003 àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jókòó ní Màpútò, wọ́n ní ìdá 10 nínú 100 ìnáwó ọdọọdún làwọn á máa fi sórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣé Nàìjíríà ti ṣe é? Àwọn náà jẹ wá ní gbèsè. Ta ni wọ́n tì mọ́lé rí nítorí owó àgbẹ̀?

Akápò Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

@Fàájì Ni Tèmi, ti Màpútò yẹn, òótọ́ lo sọ, n kò ní bá ọ jiyàn. Pé àwọn ńláńlá ń jẹ tiwọn gbé, èmi náà ń ka ìwé ìròyìn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń gba gbèsè kò mọ ilé àwọn ńláńlá. Wọ́n mọ ilé tèmi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Àwa 14 la jọ gba nǹkan ọ̀gbìn lábẹ́ ètò kan, ẹgbẹ́ ló sì dúró fún gbogbo wa. Àwa 12 san. Ọ̀kan nínú àwọn 2 tó kù fi tirẹ̀ ra ọ̀kadà. Ìkejì ta ajílẹ̀, ó fi owó rẹ̀ ṣòkú bàbá ìyàwó rẹ̀. Ẹ mọ bí òkú ṣíṣe ṣe rí ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tí a pe ìpàdé láti bá a wí, kò sẹ́ni tó lè la ẹnu, torí gbogbo wa la wọ aṣọ ẹbí lọ jẹ ìrẹsì níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ akápò, mo tún gba àpò semo 1.

Ètò mìíràn dé lẹ́yìn ọdún méjì. Wọ́n wo ìwé, wọ́n rí i pé ẹgbẹ́ wa jẹ gbèsè. Wọn kò bi wá pé ta ló san, ta ni kò san. Àwa 14 la jọ já bọ́. Ẹgbẹ́ tó wà lódìkejì ọ̀nà, tí wọn kò tó wa ní nǹkan kan, gba igi gbágùúdá, wọ́n gba oògùn, wọ́n tún rí kátákátá fi ro oko ní ẹ̀dínwó. A dúró lójú ọ̀nà, à ń wò wọ́n.

Nǹkan mìíràn tún wà. Láti ọdún 2020, báńkì tó yá ọ lówó lè fa owó náà nínú àkáǹtì èyíkéyìí tó bá so mọ́ BVN rẹ, báńkì yòówù kó wà. O lè fi owó ilé ìwé ọmọ pamọ́ sí ibòmíràn, kí o jí lọ́jọ́ Ajé kí o má bá a mọ́. Mo rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Ọmọ Ìsarà, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Bí o bá tó ẹni tó ń yáwó ní báńkì, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè kó ọ sábẹ́ ètò ìdúró fún àgbẹ̀ (ACGSF) tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1977. Bí àgbẹ̀ kò bá lè san, ètò náà máa ń san ìdá 75 nínú 100 ohun tó bá ṣẹ́ kù fún báńkì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta ohun ìdógò. Má ṣi èyí gbọ́ o: báńkì ló gbà sílẹ̀, gbèsè rẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ. Èyí tó kan ìwọ gan-an ni pé wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tí ẹni tó bá san lásìkò fi ń gba ìdá 40 nínú èlé tó san padà. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kì í fẹnu ara wọn sọ ìyẹn. Ìwọ ni kí o béèrè.

Olókòkó J4

Ẹ bá àwa náà wá nǹkan ṣe. Oko kòkó wa wà ní J4, bàbá mi ló gbìn ín. Lọ́dún 2024 tí kòkó wọ́n ju góòlù lọ, gbogbo èèyàn ń pè wá ní olówó, àmọ́ kò sí ìjọba tó fi ajílẹ̀ àpò kan ràn wá lọ́wọ́.

Àgbà Òṣìṣẹ́ Ọ̀gbìn (mo ti fẹ̀yìn tì)

Igbó ọba ni J4, inú igbó Ọmọ ló wà, níbi tí erin ṣì ń gbé. Bí oko yín bá wà nínú ààlà igbó náà, kò sí òṣìṣẹ́ tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ láì fi iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Àwọn òyìnbó Yúróòpù pàápàá ti ṣe òfin pé àwọn kò ní gba kòkó tí wọ́n pa igbó gbìn mọ́, wọ́n á máa béèrè ibi tí oko wà gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn igbó, ìyẹn ni kí ẹ fi forúkọ sílẹ̀. N kò ní ọ̀rọ̀ tó dùn ju èyí lọ fún ọ, má bínú.

Ọmọ Ìsarà Tó Padà Sílé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò tí ì sanwó. Nígbà tí mo ní kó fún mi ní ìwé ẹ̀rí owó, ó ní àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò nígbàgbọ́. Mo gbọ́ pé Ìperu ló wà báyìí.

Ohun tó tún kù: àbúrò bàbá mi ní ilẹ̀ ẹbí ni, pé n kò lè lọ fi orúkọ ara mi kọ ọ́. Ṣé dandan ni ìwé ilẹ̀? Ṣé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gómìnà?

Àgbà Òṣìṣẹ́ Ọ̀gbìn (mo ti fẹ̀yìn tì)

Àbúrò bàbá rẹ kò sọ̀rọ̀ òdì. Má bá a jà, òun gan-an lo máa nílò. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí kọ lẹ́tà kan pé àwọn mọ̀ pé ìwọ lo ń dáko níbẹ̀, kí wọ́n kọ bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó àti ọdún mélòó tí wọ́n fún ọ, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ìwọ náà fọwọ́ sí i. Ó máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ètò àgbẹ̀ kékeré. Bí o bá fẹ́ èyí tó ní agbára jù bẹ́ẹ̀, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fúnni ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ oko. Ti gómìnà kò kàn ọ́ rárá. Má sì gbé ilẹ̀ ẹbí lọ ṣe ìdógò, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè rẹ̀.

Hẹ́kítà ni fọ́ọ̀mù máa ń béèrè. Éékà 4 kò ju hẹ́kítà 1.6 lọ. Àwọn èèyàn a máa kọ 4 síbẹ̀, a ó gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lọ, ojú á tì wá, àwa àti wọn. Wọ́n sì ń pa orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìwòpin

Òkè ilẹ̀ nìkan lẹ ń sọ. Àwa tí a wà létí ọ̀sà náà ní tiwa. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi dé síbí nígbà kan, àwọn tó gbà á, bí o bá ní kí wọ́n tu ọkọ̀, ibi tí orí rẹ̀ wà ni wọ́n á máa wá. Láàárín oṣù kan, ẹ̀rọ ti wà lọ́jà.

Ohun tí a ṣe nìyí. A mú ìwé kan, a kọ gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté sínú rẹ̀, a kun nọ́ńbà sí ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, a kọ orúkọ ẹni tó ń wà á, a tún kọ orúkọ obìnrin tó ń yan ẹja rẹ̀. A gbé ẹ̀dà lọ fún ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Nígbà tí àwọ̀n dé lẹ́yìn náà, ìwé wa ni wọ́n fi pín in. Àwa tí à ń yan ẹja kò rí nǹkan kan gbà ní tiwa, ìyẹn la ṣì ń fà lọ́wọ́lọ́wọ́. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti kó ọ̀rọ̀ ẹja lọ sábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun tó ń rí sí ọrọ̀ ajé orí omi ní Àbújá, àwọn òṣìṣẹ́ níbí pàápàá kò mọ ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí.

Ìyá Alágàárì Òde Rẹ́mọ

Ẹ ṣeun, ìyá. Ọmọ Ìsarà, wọ́n ti bá ọ sọ ti owó tán, kò sẹ́ni tó bi ọ́ pé ta lo máa ta gbágùúdá rẹ fún.

Ìṣọ́ra wà níbẹ̀ o. Lọ́dún tí ìjọba bá ní kí gbogbo ayé gbin nǹkan kan, mi ò kì í gbìn ín púpọ̀. Láti 2002 tí Ọbásanjọ́ gbé ti gbágùúdá dé, gbogbo èèyàn gbìn ín, mo rántí pé ìgbà kan dé tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, tí àwọn kan fi í sílẹ̀ sínú ilẹ̀ tó fi di igi. Wọ́n ní àwa ni a ń gbin gbágùúdá jù lágbàáyé. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ni wọ́n fún wa fún un?

Gàárì Ìjẹ̀bú kì í tan ni lọ́jà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ gbẹ, ó gbọ́dọ̀ dún lẹ́nu. Àwọn tó ń kánjú tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan kí wọ́n yan án lọ́jọ́ kejì ló ń bà wá lórúkọ jẹ́. Bí o bá fẹ́ gbìn fún wa, irú gbágùúdá tí wọ́n ń pè ní TME 419 dára, ó ń fúnni ní gàárì. Ìtì igi 60 ló ń wọ hẹ́kítà kan, igi 50 nínú ìtì kọ̀ọ̀kan. Ìwọ má ṣe gbogbo ilẹ̀ náà lọ́dún àkọ́kọ́. Éékà 2 tó.

Akápò Ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo gbàgbé ti adójútòfò. NAIC, ti ìjọba ni. Fún àwọn irè oko kan, ìdajì owó rẹ̀ ló yẹ kí ìjọba san: ti àpapọ̀ 37.5, ti ìpínlẹ̀ 12.5 nínú 100. Kó gbogbo rìsíìtì rẹ pa mọ́, títí kan ti àwọn tó bá ọ roko. Bí iná bá jó oko, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí o sọ fún wọn, kí o ya fọ́tò. Mo mọ ẹni tó dúró di ẹ̀yìn ọdún Iléyá kó tó lọ sọ, koríko ti hù bo ẹ̀rí.

Ọmọ Ìsarà Tó Padà Sílé

Ẹ kú àti ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ sí sẹkitéríàtì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kò sí ní ìjókòó. Mo padà lọ́jọ́rú, mo bá ìyá kan níbẹ̀. Wọn kò mọ ọkùnrin onífáìlì rárá. Wọ́n kọ orúkọ mi, NIN mi àti bí ilẹ̀ ṣe tó sínú ìwé àwọn àgbẹ̀, wọn kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo ní 1.6, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní ta ló kọ́ mi.

Wọ́n júwe ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fún mi, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣe ìpàdé. Mo san ₦2,000 ìwọlé, mo sì máa dá ₦1,500 lọ́sẹ̀. Wọ́n ní ó di oṣù 6 kí n tó lè yá nǹkan kan. Ká sòótọ́, ó dùn mí. Mo rò pé mo máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí. Ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì mí ní oṣù 6 náà lòun fi ń bínú nígbà tòun.

Àwọn bí 20 tó sanwó ní gáréèjì ṣì ń retí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lánàá bóyá mo ti gba alẹ́ẹ̀tì.

Bàbá, àbúrò bàbá mi ti gbà láti fọwọ́ sí lẹ́tà, ó ní kí n kọ́kọ́ ro oko tirẹ̀ fún òun. Ìyá, níbo ni n ó ti rí igi TME 419 rà láìjẹ́ pé wọ́n ta òmíràn fún mi?

Ìyá Alágàárì Òde Rẹ́mọ

Má rà á. Wá lọ́jọ́ Sátidé, a ó kórè éékà kan lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Bí o bá bá wa wú u láti àárọ̀, ìtì 40 ni màá fún ọ, o ó dá 40 padà fún ọmọ ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Mú àdá tó mú wá. Kí o sì gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó tó gbẹ.

Ọmọ Ìsarà Tó Padà Sílé

Mo dọ̀bálẹ̀, ìyá. Aago mélòó? Ṣé kí n mú okùn dání?

Ìyá Alágàárì Òde Rẹ́mọ

Aago 6. Mú okùn. Mú oúnjẹ ara rẹ náà o, gàárì nìkan ló wà níbí.